Àwọn Ọmọ Háyà Ilé Tó Ní Táyà Fáwọn Òbí Wọn, Làṣírí Bá Tú Létí Òkun

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì tí kò rẹ́rìn-ín. Tọkọtaya tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n wọnú ilé tó ní táyà mẹ́fà, tí wọ́n ń wa ilé ọ̀hún kiri etí òkun Amẹ́ríkà fún odindi ọjọ́ méje, pẹ̀lú gàrí, pẹ̀lú pánla, pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀! Ẹ̀rín ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ débi ìdí ọ̀hún, ẹ̀rín ẹ̀ á dúró díẹ̀ ná.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣègbéyàwó lọ́dún 1994. Nígbà tó di 1997, wọ́n dé ìlú Oakland ní ìpínlẹ̀ California, ìlú tó dojú kọ San Francisco, tó jẹ́ pé omi ló là wọ́n láàárín. Lọ́dún 2000 ni Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ, Táyé lọ́kùnrin, Kẹ́hìndé lóbìnrin, bí orúkọ wọn sì ṣe yí padà nìyẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì ń ṣe, àárọ̀ ló sì ń lọ. Bàbá Ìbejì ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, alẹ́ ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn méjèèjì ló fẹnu kò sí i bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan lè máa wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, torí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn l'Amẹ́ríkà láti bá a tọ́jú ọmọ kì í ṣe owó kékeré. Ètò tó dára ni. Ọmọ kò jìyà, owó kò sì bọ́ sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí. Bí ìyàwó bá ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀, ọkọ ló ń wọlé. Wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú iṣẹ́ o," "Ó dàárọ̀ ná," ó parí. Ọ̀rọ̀ yòókù, ara fíríjì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. "Táyé ń wúkọ́, mo ti fún un lóògùn." "Owó iná ti dé." "Ọbẹ̀ wà nísàlẹ̀." Ọdún méjìdínlógún gbáko ni fíríjì fi ṣe alárinà láàárín ọkọ àti aya. Wọn ò jà. Ọkùnrin yìí kò na ìyàwó ẹ̀ rí, kò sì kó obìnrin lẹ́yìn. Ìyàwó náà kò yájú. Wọn ò kàn ní nǹkan tí wọ́n ń bá ara wọn sọ mọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, ẹ má rò pé ti Amẹ́ríkà nìkan nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tó ń jí láago mẹ́rin ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland kì í jẹ́ kó délé títí ilẹ̀ fi máa ṣú pátápátá, ìgbà wo lòun àti ẹni tó fẹ́ ń rójú ara wọn? Ṣebí tiyín ò ní fíríjì lẹ́nu ni, tàbí kó jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń ṣe é.

Lọ́dún 2018, ìbejì wọ yunifásítì, wọ́n sì kó lọ. Ilé wá dákẹ́ bí ìgbà tí àlejò ìnáwó bá tú ká tán. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ní 2019, ìgbéyàwó àwọn òbí àwọn máa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ni wọ́n bá da owó iṣẹ́ ìsinmi tí wọ́n ṣe pọ̀, wọ́n fi orúkọ bàbá wọn háyà ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé. Nínú oṣù Kìíní ni wọ́n ti gba àyè sílẹ̀ láwọn ibùdó ìjọba tó wà létí òkun, torí oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí àyè ọ̀hún sílẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́, èèyàn sì máa ń dù ú bíi tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Wọ́n wá sọ fún Mọ́mì àti Dádì pé oṣù Keje ni, kò sí àwáwí.

Ohun táwọn ọmọ ò tún mọ̀ rèé: nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Ìyá Ìbejì ti lọ sanwó àsansílẹ̀ yàrá kan àti pálọ̀ nílùú mìíràn, nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ló fẹ́ kó lọ síbẹ̀. Àǹtí rẹ̀ tó wà n'Íbàdàn nìkan ló sọ fún. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó kàn rẹ̀ mí láti máa dá gbé inú ilé tí ọkọ mi wà ni." Nígbà táwọn ọmọ wá gbé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò dé, ojú tì í láti kọ̀. Ó ní òun á bá wọn ṣe é tán, bó bá di ìparí oṣù, òun á sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún, RV làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì gbàgbàrà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, fíríjì kékeré, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ sínú ẹ̀. Láísẹ́ńsì tí èèyàn fi ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní California náà ló máa fi wà á, èyí ló sì jẹ́ kí àyà Bàbá Ìbejì le. Ó ní, "Èmi tí mo wa dánfó láti Ìyànà Ìpájà dé Òṣòdì nígbà ìsinmi iléèwé! Kí ló tún kù tí mi ò lè wà?" Ó gbàgbé pé dánfó kì í gbé omi, kì í sì í gbé ṣalángá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Highway 1 ni wọ́n gbà. Ó gùn ju máìlì 650 lọ, òun ló sì ń tẹ̀ lé etí òkun Pàsífíìkì lọ ní California. Wọ́n kọjá San Francisco, wọ́n gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè ní Devil's Slide kọjá. Lọ́dún 2013 ni wọ́n ṣí ihò náà, torí pé ọ̀nà àtijọ́ tó gba ara òkè lọ, ńṣe ni òkè máa ń ya lé e lórí. Half Moon Bay ni wọ́n sùn lálẹ́ àkọ́kọ́. Oṣù Keje ni o, ìgbà ooru àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n kùrukùru bo gbogbo etí òkun, òtútù sì ń mú bí ìgbà ọyẹ́. Bàbá Ìbejì ní kò sí ohun tó jọ ọ́, òun ti lúwẹ̀ẹ́ ní Bar Beach kí wọ́n tó fi yanrìn dí i. Ó bọ́ṣọ, ó sáré wọnú omi. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan kó tó sáré padà, eyín ẹ̀ ń lu ara wọn gbà-gbà-gbà. Omi tó ń ṣàn bọ̀ láti apá àríwá ló ń mú òkun California tutù bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí oòrùn bá mú. Ìyá Ìbejì tó mú aṣọ ìnura dání kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní, "Bar Beach dà?"

Nígbà tó di alẹ́, Bàbá Ìbejì fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀, wọ́n ní rárá. Láwọn ibùdó ìjọba California, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́ nìkan ni wọ́n gbà fún jẹnẹrétọ̀. Ọkùnrin yìí jókòó sínú òkùnkùn, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìbejì, àwa la sá fún NEPA láti 1997, àwa náà la tún fẹsẹ̀ ara wa wá a wá!" Wọ́n wọ bẹ́ẹ̀dì kan náà lásìkò kan náà lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nǹkan tí wọn ò ṣe láti ìgbà tí ìbejì ti dáyé. Ọ̀kan kọjú sí ògiri, èkejì kọjú sí fèrèsé. Ó ṣe díẹ̀, ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ìyàwó lajú sílẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó ti gbàgbé pé ọkọ òun máa ń hanrun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó dà bí àwàdà. Ìyá Ìbejì jí, ó rí i pé omi ti ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì. Ó wá bébà, ó wá bírò, ó kọ ọ́ pé "Omi ti ń tán," ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríjì kékeré náà. Ọkọ ẹ̀ jókòó lórí àga, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìyàwó ẹ̀. Ó wo bébà, ó wo ìyàwó.

"Ìyá Ìbejì, mo wà níhìn-ín o."

Ojú ti obìnrin náà. Ó ya bébà náà kúrò, ó ní, "Omi ti ń tán."

"Mo ti gbọ́," ni ọkọ wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ gidi dé. Táǹkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan fún omi tó mọ́, ọ̀kan fún omi tí wọ́n fi wẹ̀ tí wọ́n fi fọ abọ́, ọ̀kan fún ohun tó ń ti ilé ìgbẹ́ bọ̀. Bí àwọn méjì tó gbẹ̀yìn bá kún, èèyàn gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ṣe fún un, kó fi rọ́bà ńlá so ó mọ́ ihò tó wà nílẹ̀, kó dà á nù. Bàbá Ìbejì wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí èyí tí kò yẹ kó kọ́kọ́ ṣí, rọ́bà sì bọ́. Ẹ jẹ́ kó mọ níbẹ̀. Ọkùnrin tó ní máàkì dáadáa nínú Físíìsì dúró sí gbangba California, bàtà ẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́, ó ń pariwo pé, "Èmi! Èmi ni mo wá di agbépòó l'Amẹ́ríkà!" Ìyá Ìbejì dì mọ́ ara ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìgbà tóun rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Wọ́n sùn nítòsí Monterey. Ìyá Ìbejì ti ń sọ ọ́ láti Oakland pé sàdíìnì lòun fẹ́ rà níbẹ̀, torí ìlú sàdíìnì ni Monterey, ilé iṣẹ́ tó ń fi sàdíìnì sínú agolo pọ̀ ní òpópónà tí John Steinbeck fi kọ ìwé Cannery Row lọ́dún 1945. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìpápánu àti ilé ìjẹun ló kù. Wọ́n ti fi àwọ̀n kó ẹja náà ní àkójù, omi òkun náà sì yí padà, kó tó di ìparí ọdún 1950 sí 1959, iṣẹ́ ọ̀hún ti kú. Ibi tí ilé iṣẹ́ sàdíìnì kan wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìwòran ẹja ńlá sí lọ́dún 1984. Àwọn méjèèjì dúró síwájú gíláàsì, wọ́n ń wo sàdíìnì tó ń lúwẹ̀ẹ́ yípo yípo. Bàbá Ìbejì ní, "Ó dà bíi pé wọ́n rò pé nǹkan náà ò lè tán." Ìyàwó ẹ̀ wò ó, kò fèsì.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wọ Big Sur, níbi tí òkè àti òkun ti pàdé láìsí pẹ̀tẹ́lẹ̀ láàárín. Lọ́dún 1937 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi bí ọdún méjìdínlógún là á. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó fọ́ òkè ọ̀hún, wọ́n sì ń dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n wọn kù nítorí ẹ̀. Afárá Bixby tó wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ tán lọ́dún 1932, ga ju ẹsẹ̀ bàtà 260 lọ sókè àfonífojì. Títí dòní ni òkè ń ya lé ọ̀nà náà. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2017, òkè ya ní Mud Creek, ọ̀nà sì dí fún ọdún kan ó lé kí wọ́n tó là á padà lóṣù Keje 2018.

Apá ọ̀tún ni wọ́n ń wakọ̀ l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń lọ síhà gúúsù, ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an lọkọ̀ ẹ̀ máa wà, ẹni tó bá sì jókòó ti dírẹ́bà ló máa wo ọ̀gbun lójú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o! Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni mo ti ń rí òkun yìí!"

"Má wo ìsàlẹ̀ jàre."

"Kí ni kí n máa wò? Orí yín?"

Ọkọ̀ ń rọra lọ bí ìgbín, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì tò sẹ́yìn ẹ̀. Òfin California ni pé lójú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tò sẹ́yìn ẹni tó ń rọra lọ, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ṣe fún un, kí wọ́n kọjá. Bàbá Ìbejì ní òun ò yà. "Kí wọ́n fò bó bá ká wọn lára! Ṣé ọ̀nà bàbá wọn ni?" Ìyá Ìbejì ń fi dígí ka ọkọ̀: meje, mẹ́sàn-án, mọ́kànlá. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ ọ́: "Bàbá Ìbejì, bẹ́ ẹ bá yà, ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ́ Bàbá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó máa gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ yín."

Ọkùnrin náà yà. Ọkọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá kọjá, wọ́n ń juwọ́ sí i, àwọn kan ń fọn fèrè ọkọ̀ láti dúpẹ́. Inú ẹ̀ dùn bíi pé wọ́n fi í joyè. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ibi ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò yà sí, kódà nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ó tó, ó tó, ẹ jẹ́ ká débi tá à ń lọ!"

Ibi tí wọ́n pàgọ́ sí, igi redwood ló wà níbẹ̀, irú igi tó ga ju gbogbo igi ayé lọ. Fóònù ò ṣiṣẹ́. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ìròyìn, kò sí yàrá kejì tí ẹnì kan lè wọ̀ kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí ọ̀kan bá fẹ́ kọjá, àfi kí èkejì gbẹ́sẹ̀. Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní raccoon, tó tó ológbò ńlá, tí ojú ẹ̀ dúdú bíi tolè tó fi aṣọ bojú, wọlé sábẹ́ tábìlì tí wọ́n gbàgbé ẹrù sí, ó gbé odindi pánla lọ. Wọ́n rí i bó ṣe ń fà á lọ. Bàbá Ìbejì ju bàtà mọ́ ọn. Ó yíjú padà, ó wo bàtà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Alẹ́ kejì ní Big Sur ni ọ̀rọ̀ dé ìdí. Wọ́n dá iná igi, wọ́n jókòó tì í. Ìyá Ìbejì wo iná títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ọkọ wí. "O ti sanwó ilé."

Obìnrin náà kò lè mí.

"Lẹ́tà wọn dé lọ́jọ́ kan tó o wà níbi iṣẹ́. Mo rò pé owó iná ni, mo tú u. Mo tún un lẹ̀ padà, mo fi sábẹ́ Bíbélì ẹ níbi tí wàá ti rí i."

"Láti oṣù Karùn-ún? Ẹ wá dákẹ́? Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

"Ìyá Ìbejì, tí mo bá bi ọ́, wàá dá mi lóhùn."

Wọ́n dákẹ́. Igi ń ta pàrà nínú iná. Ó wá kan Ìyá Ìbejì láti sọ èyí tó ti wà nínú ẹ̀ láti ọdún 2016. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é láti Ìbàdàn pé màmá ẹ̀ kú, alẹ́ ni, ọkọ ẹ̀ ti fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ fún un, ọkọ ní "Háà, pẹ̀lẹ́," ó sì lọ. Nígbà tó jí láàárọ̀, bébà kan wà lára fíríjì: "Pẹ̀lẹ́. Mo ti ra búrẹ́dì." Ó ní, "Búrẹ́dì, Bàbá Ìbejì. Ìyá mi kú, ẹ kọ búrẹ́dì sí mi."

Bàbá Ìbejì fi igi ro iná, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mi ò tètè lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wọ bàtà tán, mò ń gbọ́ bó o ṣe ń sunkún. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ. Mo lọ bá ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ mi, òun ni mo fi san tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú tó o fi lọ sìnkú. Mo rò pé owó yẹn ló ń bá mi sunkún."

"Mi ò mọ̀. Ẹ ò sọ."

"Mi ò sọ."

Kò ṣèlérí fún ọkọ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọkọ bi í pé ṣé ó ṣì ń lọ, ó ní, "Mi ò tíì mọ̀." Ọkùnrin náà ní ó dáa. Ó tún ní, "Ṣé kí n ro ẹ̀bà?" Ìyàwó ní, "Kí la máa fi jẹ ẹ́? Ẹ gbàgbé pé olè ti gbé pánla lọ ni?" Bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn, tí wọ́n ń sọ ọ́ lọ sọ ọ́ bọ̀, tí ọ̀rọ̀ kan ń fa òmíràn, bí bàtà ṣe bàjẹ́, bí Táyé ṣe gbé owó ẹyọ mì lọ́mọ ọdún mẹ́ta, bí wọ́n ṣe pàdé nínú ojò n'Íbàdàn. Ṣàdédé ni iná tọ́ọ̀ṣì kan mọ́lẹ̀ sí wọn lójú. Ẹ̀ṣọ́ ibùdó ni. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, aago mẹ́wàá ti kọjá, àwọn èèyàn ń sùn, ọ̀rọ̀ wọn ti ń pariwo jù.

Ẹ gbọ́ ná! Àwọn tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún méjìdínlógún ni ẹ̀ṣọ́ wá bẹ̀ pé kí wọ́n panu mọ́!

Ìyókù ìrìn náà tutù lára wọn. Ní Piedras Blancas nítòsí San Simeon, wọ́n rí àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní elephant seal, àwọn akọ tó ń wá bó àwọ̀ létí omi lásìkò yẹn, àwọn mìíràn nínú wọn wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì. Wọ́n sùn gbalaja sórí yanrìn, wọ́n ń hanrun. Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, àwọn ẹ̀gbọ́n yín rèé." Ní Morro Bay, àpáta kan wà nínú omi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 570 lọ. Bàbá Ìbejì ní tó bá jẹ́ Olúmọ ni, òun ì bá ti gùn ún. Wọ́n ní òfin kò gbà á, àwọn àṣá ló ni ibẹ̀. Inú ẹ̀ dùn pé òfin kò gbà á.

Santa Monica ni wọ́n parí ẹ̀ sí, lórí afárá onígi tó wọnú òkun, tó ti wà níbẹ̀ láti 1909. Níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó pe àwọn onílé pé òun ò gba ilé mọ́. Wọn ò dá gbogbo owó ẹ̀ padà. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ̀, ó sọ fún un. Ọkọ ò pariwo, kò ṣe hòó. Ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gbé e títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

Ẹ má rò pé ilé wọn wá di Párádísè. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Bàbá Ìbejì kúrò níṣẹ́ alẹ́, ó bọ́ sí tàárọ̀, owó tó ń wọlé sì dín kù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà, nǹkan tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀, wọ́n ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àǹtí tó wà n'Íbàdàn gbọ́, àyà ẹ̀ já. Ìyá Ìbejì ní kó fọkàn balẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká jà, Àǹtí mi. Ẹni tá à ń bá jà, a ń rí i lójú."

Lóṣù Kẹta ọdún 2020, kòrónà dé, wọ́n ní kí gbogbo California jókòó sílé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í jókòó sílé. Bàbá Ìbejì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù sì ń ba ìyàwó ẹ̀ pé òun lè gbé àìsàn wọlé fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣe l'Amẹ́ríkà lásìkò náà làwọn náà ṣe: wọ́n háyà ilé tó ní táyà, wọ́n gbé e síwájú ilé, Ìyá Ìbejì sì ń dá sùn síbẹ̀. Ará àdúgbò kan wá fi fóònù bi Bàbá Ìbejì pé ṣé kò sí, àbí ó lé ìyàwó jáde ni. Ó ní, "Ó ti sanwó ilé rí tẹ́lẹ̀, kò kó lọ. Ibi tó kó lọ náà rèé."

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wọ ìbọ̀wọ́, tó ń wa ilé náà lọ síbi tí wọ́n ti ń da táǹkì nù. Rọ́bà ò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Lálaalẹ́, yóò gbé àwo oúnjẹ sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, yóò fà sẹ́yìn, yóò gbé àga jókòó sórí koríko níwájú fèrèsé. Ìyàwó á ṣí fèrèsé, á máa ròyìn bí ọ̀sán ṣe rí, ẹni tó kú, ẹni tó yè, nọ́ọ̀sì tó ń sunkún nínú ṣíbítì. Ọkọ ò ní gbà á nímọ̀ràn, kò sì ní sọ pé òun ti ra búrẹ́dì.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kùrukùru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú láti etí òkun, Ìyá Ìbejì á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wọlé, òtútù ń mú yín."

"Máa sọ̀rọ̀ lọ jàre," lọkọ máa ń wí. "Mò ń gbọ́."